Àwọn Òkú Tó Padà Wálé, àti Sùúrù Mi Tó Fẹ́ Tán

  Mo mọ̀ pé iye owó àgbàdo àti ti iṣu lẹ ń retí. Ó ń bọ̀, ẹnì kejì mi ló máa kà á fún yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì.

Ọ̀rọ̀ eré tẹlifísọ̀n ni. Ẹ má tíì pa rédíò yín! Mo mọ̀ pé ọjọ́ ọ̀rọ̀ ìlera la wà. Ọ̀rọ̀ ìlera náà ni mo fẹ́ sọ, ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló kó eré kan sórí flash fún mi. Ó ní, "Eré òkú tó ń rìn ni, wàá gbádùn ẹ̀." Les Revenants lorúkọ eré náà, ká sọ pé "Àwọn Tó Padà Dé". Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é. Canal+ ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, abala kìíní rẹ̀ ní apá 8. Fabrice Gobert ló ṣe é, ó mú un látinú fíìmù tí Robin Campillo ti ṣe ní 2004. Ní 2013, ó gba ẹ̀bùn International Emmy. Nítorí náà eré ńlá ni, ayé gbọ́ ọ, ayé yìn ín. Ẹ má rò pé ohun tí wọ́n dà sẹ́yìn ọjà ni mo lọ ṣà wá.

Nígbà tó ní òkú tó ń rìn, ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù ni mo rò. Ẹ mọ̀ ọ́n: òkú tó ti jẹrà, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tó bá bu èèyàn jẹ, onítọ̀hún á di irú ẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ní ọ̀kan tó ń jẹ́ The Walking Dead. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2010, ó di 2022 kí wọ́n tó parí ẹ̀, abala 11, apá 177. Ọmọ tó wà ní CP nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ á ti jókòó ìdánwò BAC kó tó parí! Nàìjíríà náà ti ṣe tiwọn: C.J. Obasi ṣe Ojuju ní 2014, níbi tí omi àdúgbò kan ti bàjẹ́, tí àwọn tó mu ún sì di ohun tí kì í ṣe èèyàn mọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ omi kànga ti pọ̀ jù lẹ́nu mi, kó lọ wo Ojuju.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn òkú yẹn, sọ́ńbì, ọ̀dọ̀ àwọn ará Haiti ló ti dé etí ayé. Ọ̀pọ̀ nínú baba ńlá àwọn wọ̀nyẹn, etíkun wa ní Ouidah ni wọ́n ti kó wọn lọ. Ní Haiti, sọ́ńbì kì í jẹ èèyàn. Òkú ni tí wọ́n jí dìde kó lè máa ro oko olóko, tí kò sì lẹ́nu láti fi kọ̀. Ẹ wo ohun tó ń ba ẹrú lẹ́rù: kó kú tán, kó má sì bọ́. Ìgbà tó yá, ní 1968, ni ará Amẹ́ríkà kan, George Romero, fi fíìmù sọ òkú di ajẹran-ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀, tí mo bá wọ inú ìyẹn, ilẹ̀ á mọ́ bá wa.

Les Revenants ò jọ gbogbo ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn ọmọ ilé ìwé, ní ìlú kékeré kan tó wà láàárín òkè. Bọ́ọ̀sì náà já sí ọ̀gbun. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Camille, tó kú sínú bọ́ọ̀sì yẹn, ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Aṣọ rẹ̀ ò ya, ara rẹ̀ ò jẹrà, kò mọ̀ pé òun ti kú. Ó wọlé, ebi ń pa á, ó lọ tààrà sí ilé ìdáná, ó ń wá ohun tí yóò jẹ. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró, ó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rò pé obìnrin yẹn ṣe? Tó bá jẹ́ fíìmù tiwa ni, á ti figbe ta, á ti dákú, àwọn aládùúgbò á ti rọ́ dé, wòlíì kan á ti gbé agogo. Ìyá Camille ò ké. Ó dúró gbagidi. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé ìwé ló ti dé. Ó ń wọn ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, bí ẹni tí ẹyẹ bà lé léjìká tí kò fẹ́ kó fò lọ.

Báyìí ni eré náà ṣe ń lọ, apá kan tẹ̀ lé apá kejì. Èèyàn á dúró lójú fèrèsé. Mọ́tò á kọjá lórí òkè. Orin á máa dún lábẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Mogwai ti Scotland ló ṣe é, ó dùn, ṣùgbọ́n ó lè mú èèyàn sùn. Ẹnì kan á béèrè ọ̀rọ̀, ẹnì kejì á wò ó lójú, kí èsì tó jáde wọ́n ti gbé wa lọ sílé ẹlòmíràn. Òkú míràn tún dé, ìyàwó bàbá arúgbó kan, ọmọdé ṣì ni obìnrin náà, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kú. Òmíràn tún dé, ọmọkùnrin kan tó kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀, tó ń wá ìyàwó rẹ̀ kiri. Òmíràn, ọmọ kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀. Kí ló jí wọn? Kò sẹ́ni tó sọ. Kí ni wọ́n ń wá? Wọn ò sọ.

Mo wo apá kìíní, mo ní ó dáa. Apá kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Nígbà tó di apá kẹta, abọ́ ni mò ń fọ̀, mo ń fetí gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ìran wa ń pa ìtàn yìí kúkurú jù báyìí lọ. Ṣebí ẹ mọ ìtàn àkúdàáyà? Ọkùnrin kan kú ní Savè, wọ́n sin ín. Ọdún díẹ̀, ìyá kan tó ń nájà lọ sí Ìbàdàn rí i níbi tó ti ń ta aṣọ, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bímọ méjì. Ìyá pariwo orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó jọ̀ọ́ kó dúró, òun fẹ́ wọlé mú nǹkan wá. Ó wọlé, kò jáde mọ́. Ó tán! Ìyá àgbà mi á ti sọ ọ́ tán kí omi ọkà tó hó, ẹ̀rù á sì ba gbogbo wa débi pé a ò ní lè dá lọ sẹ́yìn ilé.

Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àkúdàáyà, òkú kì í padà sílé ara rẹ̀. Ìlú òkèèrè ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti rí i, ó parí. A ò gba ìyá rẹ̀ láyè nínú ìtàn yẹn rárá. A ò tiẹ̀ béèrè pé kí ni ìyá rẹ̀ ṣe nígbà tí ọlọ́jà yẹn délé tó ròyìn. Èyí ò wá sí mi lọ́kàn àfi nígbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi.

Torí èmi nìkan kọ́ ni mò ń wo eré náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó tì mí. Ó gbà pé kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí afẹ́fẹ́, kò kàn fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lójú ọ̀nà Cotonou, ọdún keje rèé. Ọmọ ọdún 15 ni. Àbúrò ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà yẹn. Ó ti pé 18 báyìí, ó ti dàgbà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá wo fíìmù, mi ò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Kí n mọ̀ ni, mi ò ní pè é. Nígbà tí bọ́ọ̀sì yẹn já, mo fẹ́ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí Camille wọ ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi sún àga rẹ̀ síwájú. Kò gbọ́ Faransé dáadáa, èmi ni mò ń túmọ̀ fún un. (Ohun kan tí mo lè sọ fún eré tó ń falẹ̀ nìyí o: ògbufọ̀ rí ààyè mí.) Mo ń túmọ̀ ohun tí ìyá Camille ń sọ, ó ní, "Dákẹ́, mo ti gbọ́." Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí obìnrin yẹn sọ.

Gbogbo ibi tí mo ti ń sín, tí mo ti ń yán, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ò ti ṣẹ́jú. Ìbejì ni Camille nínú eré náà. Léna ni ẹnì kejì rẹ̀. Òun ò wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Camille padà dé, ọmọ ọdún 15 ló ṣì jẹ́, Léna sì ti di ọmọ ọdún 19. Léna rí i, ó figbe ta. Àwọn méjèèjì jókòó sójú kan náà, ọ̀kan ti dàgbà, èkejì ò kúrò níbi tó wà, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa bára wọn sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Iná bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́ tán, mò ń ka ìṣẹ́jú.

Ní apá karùn-ún, sùúrù mi tán pátápátá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pa á. Eré yìí ò lọ síbì kankan. Kò sì dáa fún ìlera yín. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ ò sùn dáadáa mọ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń sùn tẹ́lẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òkú ọmọ yẹn ṣe rí nílé wa, torí mo mọ̀ pé bákan náà ló rí nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí, òfò ni. Kò sí àríyá, kò sí aṣọ ẹbí. Àwọn ọkùnrin gbé e lọ, wọn ò jẹ́ kí ìyá mọ ojú oórì. Wọ́n ní tó bá mọ̀ ọ́n, ọkàn rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Wọ́n kó aṣọ ọmọ kúrò nílé. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ìyá àgbà jókòó yí i ká, wọ́n ní, "Ó tó. Nu ojú ẹ. Tọ́jú àwọn tó kù." Gbogbo wa ṣe àmín. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n ti sin ọmọ tiwọn rí, bí wọ́n ṣe sọ fún wọn náà ni wọ́n ń sọ.

Èmi náà sì ní ipa tèmi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ CE1 nígbà yẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n kó àwọn káyé ọmọ náà kúrò nílé. Mo ya àwọn ojú ewé tó ti kọ nǹkan sí, mo sì pín àwọn tó mọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tí kò ní káyé. Mo rò pé nǹkan rere ni mo ṣe. Mo tiẹ̀ sọ fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ń jà lórí fíìmù yìí, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Obìnrin yìí ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n fún un láyè. Èmi, ẹ ò fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá." Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, pé àwọn ojú ewé tí mo ya yẹn, níbo ni mo kó wọn sí.

Mo ti sun wọ́n. Ọdún keje rèé.

Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìbejì. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́, ẹ ti rí ère ìbejì rí. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn baba wa kì í ní kí ìyá gbàgbé. Wọ́n á lọ bá babaláwo, wọ́n á gbẹ́ ère igi, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á wọ aṣọ fún un. Tó bá ń fún èyí tó wà láàyè lóúnjẹ, á bu ẹ̀wà fún ère náà. Tó bá ń pọn ọ̀kan, èkejì á wà nínú ìró rẹ̀. Àwọn Fọn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì ń ṣe é títí dòní. Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń ṣe é? Wọn kì í kà á. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà lọ gbẹ́ ère o, mo mọ̀ pé onímàle wà nínú ẹgbẹ́, onígbàgbọ́ náà wà, ẹ má fi lẹ́tà dà mí láàmú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìran wa mọ̀ nígbà kan pé ọ̀fọ̀ ọmọ kì í tán ní ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n sì fún ìyá ìbejì ní ohun tí yóò máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìyá ọmọ kan ṣoṣo ni wọn ò fún ní nǹkan kan.

Nítorí náà mo padà sídìí eré yẹn, mo wò ó tán, mo sì fẹ́ sọ ìdájọ́ mi fún yín láìṣègbè.

Ìfàsẹ́yìn oríṣi méjì ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan dáa. Nígbà tí eré bá dúró lórí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Èmi ni mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n mi rí i. Fíìmù Campillo ti 2004, tó bí eré yìí, òun náà ń rọra lọ: òkú tú jáde ní ibojì, ó di ọ̀rọ̀ ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀, níbo la máa kó wọn sí, ṣé a máa dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn? Fíìmù kan ṣoṣo ni, ó sọ tirẹ̀, ó lọ.

Ìfàsẹ́yìn kejì, ẹ̀tàn ni. Nínú eré náà, adágún ńlá kan wà tí wọ́n fi ògiri sé lókè ìlú. Omi rẹ̀ ń fà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Iná ń lọ, ó ń bọ̀. (Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyẹn náà jẹ́ ìyanu lọ́dọ̀ tiwọn?" A rẹ́rìn-ín títí.) Ẹni tó bá wa mọ́tò pé òun fẹ́ kúrò nílùú, ojú ọ̀nà á tún dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àpá ń yọ lára àwọn òkú. Gbogbo rẹ̀, kí ni ìdí? Ẹ ní sùúrù. Ó di apá kẹjọ, ogunlọ́gọ̀ òkú dé lóru, wọ́n ní kí wọ́n dá àwọn tiwọn padà fún àwọn. Ilẹ̀ mọ́, omi ti bo ìlú. Ó parí! Àwọn tó wò ó ní 2012 dúró títí di oṣù kẹsàn-án 2015 kí abala kejì tó dé. Obìnrin tó lóyún lọ́jọ́ tí wọ́n fi apá kẹjọ hàn, ọmọ rẹ̀ á ti máa sáré kiri àgbàlá. Abala kejì náà wá dáhùn díẹ̀, ó dá òmíràn sílẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀dà tiwọn ní 2015, abala kan ṣoṣo, wọ́n pa á tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Arzèkè, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Oníbàárà dé, o ní ọjà ń bọ̀ lọ́la. Ó padà wá lọ́la, o ní mọ́tò ti gbéra. Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, o ní kó fi owó sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ọjà ń bọ̀, a máa ń mọ̀ lójú ọlọ́jà. Tí kò bá sí nǹkan kan nínú àpótí, a máa ń mọ̀ náà. Láti apá karùn-ún síwájú, èmi ò rò pé àwọn tó kọ eré yẹn ní ọjà nínú àpótí. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa parí ẹ̀, wọ́n wá sọ àìmọ̀ wọn di àṣírí. Ìyẹn ni mo bínú sí, mo sì ṣì ń bínú sí i.

Bàbá kan láti ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yín, tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ní kò yẹ kí ọlọ́fọ̀ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rárá, pé ó ń pe òkú wálé. Mi ò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Nínú eré náà gan-an, bàbá arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ padà dé yẹn, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi dáná sun ilé mọ́ ọn, tó sì lọ bẹ́ láti orí ògiri adágún. Ibì kan tún wà tí àwọn òbí àwọn ọmọ yòókù tó kú nínú bọ́ọ̀sì pàdé Camille. Ẹ̀yin náà rò ó: ọmọ ẹlòmíì padà dé, tiyín ò dé. Wọ́n ń bi í, "Ọmọ tèmi ńkọ́?" Ọmọdé yẹn ò mọ ohun tó máa sọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sunkún, ẹkún tí mi ò rí i kó sun láti ọjọ́ òkú, mo sì bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń wò ó lóru, mi ò ní fẹ́ ẹ. Ẹlẹ́gbẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Tí ọlọ́fọ̀ ilé yín ò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tó ń sọ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé ẹni tó lọ, ìyẹn kọjá fíìmù, ó kọjá àmọ̀ràn àgbà. Ẹ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ńlá Parakou níbí, CHUD, ní ẹ̀ka àwọn oníṣègùn ọpọlọ, kì í ṣe àwọn tó ń ya wèrè nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn níbẹ̀. Ẹ má tijú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ dárúkọ ọmọ rẹ̀ níbi oúnjẹ, lẹ́yìn ọdún méje, ẹ jẹ́ kó dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń dárúkọ tirẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́sí, ó ní ọmọ yẹn á ti pé 22. Àbúrò rẹ̀ ní, "Á ti máa jowú bàtà mi." A jókòó, a ò mọ ohun tí a máa sọ, bíi ti inú eré yẹn. Ó pẹ́ díẹ̀. Mi ò wo aago.

Mo ti rí abala kejì, ọ̀rẹ́ mi ti kó o fún mi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n ṣàlàyé díẹ̀ nínú ẹ̀, ìdí tí àwọn òkú fi padà, ìdí tí omi fi ń fà. Ó ní kí n gbé e pa mọ́ ná. Ó ní apá kìíní ti tó òun, ibi tí ọmọ yẹn ti wọlé tó ń wá oúnjẹ.

Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn fẹ́ wo eré náà. Kò burú. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé tí yóò túmọ̀ fún yín, kí ẹ sì dúró ní apá kẹrin tí ẹ ò bá fẹ́ bínú bíi tèmi. Flash náà ò sí lọ́wọ́ mi o. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà, inú àpótí aṣọ rẹ̀, mi ò sì lè bá yín gbà á.